The Office: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ tún "The Dundies" wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo The Office tán, tí ọkàn yín tún ń fà sí "The Dundies", épísóòdù àkọ́kọ́ nínú season kejì, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ èyí fún. Àwọn tí ò wò ó rí náà lè kà á, àmọ́ màá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ o, mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i kọ́kọ́, ẹ lọ wò ó ná kẹ́ ẹ tó padà wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni The Office?

Eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ni, ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta pépà, Dunder Mifflin, ló dá lé, ẹ̀ka wọn tó wà ní Scranton ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania la sì máa ń rí. Michael Scott ni ọ̀gá ibẹ̀, Steve Carell ló ṣe é. Jim àti Dwight ń ta ọjà, Pam ló jókòó síwájú tó ń gbé fóònù tó sì ń gba àlejò. Wọ́n ṣe eré náà bíi pé àwọn kan gbé kámẹ́rà wọ ọ́fíìsì yẹn láti wá ya bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, torí náà àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn, wọ́n máa ń wo kámẹ́rà, wọ́n sì máa ń bá a sọ̀rọ̀. NBC gbé e jáde láti ọjọ́ 24 oṣù kẹta 2005 títí di ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2013, season mẹ́sàn-án gbáko.

Premiere (épísóòdù tó bẹ̀rẹ̀ season) mẹ́sàn-án ló wà nígbà yẹn, kí ló dé tó jẹ́ ti season kejì lẹ ń pariwo ẹ̀?

Torí pé ibẹ̀ ni eré náà ti di ara ẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án 2005 ló jáde, Mindy Kaling tó ń ṣe Kelly, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀, ló kọ ọ́, Greg Daniels tó gbé eré náà wá sí Amẹ́ríkà ló sì darí ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, épísóòdù mẹ́fà péré ni season kìíní ní, àkọ́kọ́ nínú wọn sì jọ ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì (èyí tí Ricky Gervais àti Stephen Merchant ṣe fún BBC ní 2001) débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kàn gbé wá bó ṣe wà. Ó dáa, mi ò ní kò dáa, àmọ́ ó tutù, ó le, èèyàn á rẹ́rìn-ín Michael ṣùgbọ́n kò ní wù ú kó tún rí i lọ́la. Ìgbà tí "The Dundies" dé ni a kọ́kọ́ rí ìdí táwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò fi tíì sá fún un tán.

Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní kúkúrú?

Michael máa ń ṣe ayẹyẹ kan lọ́dọọdún tó ń pè ní Dundies, tó máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ní ère kékeré bí àwọọ̀dù, tí gbogbo wọn sì kórìíra ẹ̀. Chili's ló kó wọn lọ, ilé oúnjẹ ni. Jan tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ní olú ilé-iṣẹ́ ti sọ pé àwọn ò ní sanwó ayẹyẹ kankan mọ́ torí Michael ti ná owó yẹn sórí pátì tó ṣe ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 2005, nítorí 05/05/05 ò lè tún wáyé mọ́. Báyìí ni kálukú ṣe ní láti ra ọtí tiẹ̀. Roy, àfẹ́sọ́nà Pam, bínú lọ, Pam tẹ̀ lé e jáde, ó padà wọlé, ó mutí, ó gba àwọọ̀dù, ó fẹnu ko Jim lẹ́nu, ó jábọ́ lórí àga, Chili's sì ní kò gbọ́dọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí eré náà dá lé nìyẹn.

Kí ni kí n fojú sí tí mo bá ń tún un wò?

Ẹ̀ẹ̀kíní téèyàn bá wò ó, Michael ni ojú máa ń lọ síbi tó wà, torí òun ló gba makirofóònù, òun ló ń kọrin, òun ló ń wọṣọ kiri. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má wo Michael. Ẹ wo ojú àwọn tó jókòó. Ẹ wo Stanley bó ṣe jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí ò tíì dé. Ẹ wo Phyllis nígbà tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀ tí wọ́n sì ti ṣi lẹ́tà kan kọ lára àwọọ̀dù ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ "òṣìṣẹ́ kára" fi di ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Michael rí i, ó kàn ní kò séwu, obìnrin yẹn gba ère ẹ̀ ó padà lọ jókòó, kò pariwo, kò sunkún, ojú ẹ̀ nìkan ló sọ̀rọ̀. Kelly náà gba tiẹ̀ tí wọ́n fi oúnjẹ Íńdíà pè é, ó sì béèrè pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ rí i, gbogbo wọn ló ti ń jìyà ayẹyẹ yìí ṣáájú kí inú wọn tó yọ́ sí ọ̀gá wọn, ẹni tí ò bá sì rí ìyà yẹn kò ní mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo Pam, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tóun àti Roy ti ń múra ìgbéyàwó tí ò dé, Michael sì ti sọ ìyẹn di àwọọ̀dù, ó máa ń fún un ní ti ẹni tí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ pẹ́ jù láyé. Ẹ wo ojú ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé fídíò ọdún àtijọ́ sí i. Ẹ tún wo Jim tó lọ bá Michael jẹ́jẹ́ ní ọ́fíìsì, tó fi ọgbọ́n sọ fún un pé kó wá nǹkan míì ṣe lọ́dún yìí, láìsọ ìdí ẹ̀ fún un. Pam ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣe é. Kò tiẹ̀ bèèrè fún un. Nígbà tí wọ́n wá pe Pam jáde, tó ti ń retí àwọọ̀dù yẹn kan náà, tó wá jẹ́ ti ẹni tí bàtà kánfáàsì ẹ̀ funfun jù ní ọ́fíìsì, áà, ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe là! Ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ á rò pé ọtí ló mú un dunnú bẹ́ẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀ lóòótọ́ (ọtí tí àwọn míì mu ṣẹ́ kù ló ń gbá mu kiri), ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún un wò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ẹrù kan lórí obìnrin yìí ni, níwájú gbogbo ayé, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ibo lẹ fẹ́ràn jù níbẹ̀?

Ibi táwọn ará ìta tó jókòó sídìí ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Michael ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń fi orin Elton John kan kọ orin Dundies, ni wọ́n bá ń pariwo mọ́ ọn, ni wọ́n bá ju nǹkan lù ú. Michael Scott tí kì í gbọ́ nígbà téèyàn bá ní kó dákẹ́, ó gbọ́ lọ́jọ́ yìí. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ó ti tó, kí wọ́n jẹ́ káwọn ká nǹkan ńlẹ̀, ó fún Kevin ní tiẹ̀ wéréwéré bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu kó gbé òun mì.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ti ń gbàdúrà láti ìrọ̀lẹ́ pé kí ayẹyẹ yìí parí, àdúrà ti wá gbà báyìí, kí wọ́n kàn mú báàgì wọn ló kù. Àmọ́ ẹni tẹni ni. Àwa lè bú u nílé, kì í ṣe ará ìta ni yóò wá bá wa bú u. Pam ló bẹ̀rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo pé àwọn fẹ́ àwọọ̀dù sí i, Jim gbè é lẹ́yìn, àwọn yòókù náà gbè é. Àwọn tó ń kùn láti àárọ̀! Ẹ wo ojú Carell níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan tó pọ̀, ó kàn ń wò wọ́n bí ẹni tí ò gbà gbọ́ pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ibẹ̀ máa ń mú mi lọ́kàn gan-an ni, mo sì gbà pé gbogbo season tó tẹ̀ lé e, orí ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Kí ni Pam fẹ́ bi Jim léèrè ní ìparí?

Wọn ò sọ, ó sì dáa bí wọn ò ṣe sọ. Wọ́n wà níta níbi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí, Pam ń dúró de Angela, òṣìṣẹ́ bíi tiwọn, tó máa gbé e délé, ó ní òun fẹ́ bi í ní nǹkan, Jim ní kó bi í. Pam wá gbójú sókè, ó rí kámẹ́rà. Ẹ dá fídíò dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ tún un wò, ojú ẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá kàn ní òun fẹ́ dúpẹ́ ni. Ìdúpẹ́ kì í ṣe ìbéèrè, Jim náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí èèyàn tún un wò nìyẹn. Nínú eré míì, kámẹ́rà ò sí níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é, ojú wa lásán ni. Níbí, àlejò tó wà láàárín wọn ni, ó lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ó lè dá èèyàn lẹ́kun, ó sì dá Pam lẹ́kun lóru ọjọ́ yẹn. Téèyàn bá ti rí "Casino Night" (ìparí season kejì, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2006, Steve Carell fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́), níbi tí Jim ti sọ tọkàn ẹ̀ fún Pam níta, lóru, níbi tí mọ́tò pọ̀ sí bákan náà, á yé e pé wọ́n ti fi irúgbìn ẹ̀ sílẹ̀ láti épísóòdù àkọ́kọ́.

Kí ló dé tí Michael ò jọ Michael ti season kìíní?

Irun ẹ̀ kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí? Ní season kìíní wọ́n fi òróró rẹ́ ẹ sẹ́yìn, ó jọ pé ó ti ń pá, ara ẹ̀ náà wú díẹ̀. Ní season kejì irun ti dáa, ara ti fúyẹ́. Àmọ́ ìyípadà tó ṣe pàtàkì wà nínú ìwà. Ní oṣù kẹjọ 2005, fíìmù The 40-Year-Old Virgin tí Carell ṣe jáde, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí ó ṣe ẹni tó ń ṣìwà hù àmọ́ tí inú ẹ̀ mọ́. Greg Daniels àtàwọn tó ń kọ eré náà rí i pé irú ìwà yẹn ló yẹ kí wọ́n fún Michael: kó máa ṣe àṣìṣe, kó máa dójú ti ara ẹ̀, ṣùgbọ́n ká mọ̀ pé ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun ni. Ní oṣù kìíní 2006 Carell gba Golden Globe, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, season kejì gba Emmy fún eré apanilẹ́rìn-ín tó dára jù.

Kí ló dé tí kò sí ẹ̀rín àwọn èrò lẹ́yìn bíi ti àwọn sitcom tó kù?

Torí wọ́n ṣe é bíi pé òótọ́ ni, ta ló máa wá rẹ́rìn-ín nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta pépà? Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń fún àwàdà ẹ̀ lágbára. Ẹni tó ń gbé kámẹ́rà jù níbẹ̀, Randall Einhorn, ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lórí Survivor, ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ó mọ bí wọ́n ṣe ń sáré lé ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ láì mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ó rí i nínú "The Dundies" bí kámẹ́rà ṣe máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ojú ẹni tó yẹ, bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni.

Ṣé Scranton ni wọ́n ti yà á lóòótọ́?

Rárá, agbègbè Los Angeles ni. Scranton wà lóòótọ́, ìlú ni, àwòrán ìlú tẹ́ ẹ máa ń rí nígbà tí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ń lọ, John Krasinski tó ń ṣe Jim ló lọ yà á fúnra ẹ̀. Nínú ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn ń ṣiṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá rí àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọ́n ń tẹ nǹkan, wọ́n ń tẹ nǹkan lóòótọ́ ni. Phyllis Smith náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan òṣèré ló ti ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ fún àwọn tó wá dánra wò ni Ken Kwapis, tó darí épísóòdù àkọ́kọ́ eré náà, ṣe ní kó wá ṣe Phyllis.

Àwọn àwàdà kan níbẹ̀ ń bí mi nínú, ṣé èmi nìkan ni?

Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ibi tí Michael ti ń sín àwọn ará Éṣíà jẹ, kò bá mi lára mu, mi ò sì rò pé ó yẹ kéèyàn fipá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Eré náà fẹ́ ká rí i pé Michael ni ò gbọ́n, àwọn tó jókòó níbẹ̀ náà ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó máà dun ẹni tí wọ́n ń sín jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fò ó, kó fò ó.

Mi ò wo The Office rí, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látibí?

Ẹ wo "Diversity Day" (épísóòdù kejì season kìíní) kẹ́ ẹ lè mọ bí Michael ṣe lè burú tó, kẹ́ ẹ wá bọ́ sí "The Dundies". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ padà lọ wo èyí tẹ́ ẹ fò.

Nínú àwọn premiere tó kù, èwo ló tún yẹ kí n wò?

Ti season karùn-ún, "Weight Loss", ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2008. Níbẹ̀ ni Jim ti kúnlẹ̀ nínú òjò níwájú ilé epo tó wà lẹ́bàá títì tó ní kí Pam fẹ́ òun, láìsí orin, láìsí ayẹyẹ kankan. Wọ́n kọ́ ilé epo yẹn ni, wọ́n ṣe òjò, wọ́n ṣe títì tí mọ́tò ń sáré kọjá, Greg Daniels sì sọ pé nǹkan bí 250,000 dọ́là ni wọ́n ná sórí ìran tí ò tó ìṣẹ́jú kan yẹn. Owó náà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí owó níbẹ̀ rárá, ẹni méjì tí òjò ń pa lẹ máa rí.

Ti season kẹrin, "Fun Run", náà dáa, Michael fi mọ́tò gbá Meredith, òṣìṣẹ́ ẹ̀, a sì rí i pé Jim àti Pam ti ń fẹ́ra. Ti kẹta nípa lórí ìtàn torí Jim ti kó lọ sí ẹ̀ka Dunder Mifflin tó wà ní Stamford, ojú ẹni sì máa ń wá a ní tábìlì ẹ̀. Ti keje àti kẹjọ, mi ò kì í padà síbẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kí n wò ó?

Ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe eré tí èèyàn ń gbọ́ láti ìdí sítóòfù o, ìdajì àwàdà ẹ̀ ni kò lọ́rọ̀ nínú, ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ẹ wò ó láìdá a dúró, torí ìtìjú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ yín lára. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ẹ lè máa dá a dúró nígbà kejì. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tí ò tíì wò ó rí, ẹ pè é, ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ nǹkan tó ń bọ̀ fún un.

Épísóòdù wo ló yẹ kó tẹ̀ lé e?

Ẹ lè máa tẹ̀ lé e bó ṣe tò, àmọ́ "Office Olympics" àti "The Client" ló bá a lọ jù lójú tèmi. Nínú "The Client", Jan fẹ́ kí wọ́n pàdé oníbàárà pàtàkì kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, Michael yí ibẹ̀ padà sí Chili's láìbi í. Jan ò rí ojú ọ̀rọ̀ yẹn, ó rò pé ó ti bàjẹ́ tán, àfi bí Michael ṣe ń bá ọkùnrin yẹn jẹun, tó ń dá àpárá, tí ò tètè dárúkọ ọjà, títí oníbàárà fi gbà láti ra pépà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fún wa láǹfààní láti rí i pé ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóru Dundies yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀, àtipé ìwà tó ń dójú tì í níwájú makirofóònù náà ló ń mú kí ará ìta gbọ́kàn lé e lórí tábìlì oúnjẹ.

Ṣé ó pọn dandan kí n wo gbogbo ẹ̀ dé season kẹsàn-án?

Kò pọn dandan. Carell kúrò ní "Goodbye, Michael", ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2011, ẹni tó bá dúró síbẹ̀, mi ò ní bá a jà. Èmi máa ń fo ọ̀pọ̀ nínú season kẹjọ, mo wá máa ń bọ́ sí ìparí kẹsàn-án, torí Michael padà wá fún ìgbà díẹ̀ níbi ìgbéyàwó Dwight, ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ ò ju méjì-mẹ́ta lọ, wọ́n sì tó.